Ooru Tí Ojú Kò Rí: Ta Ni Yóò Pàṣẹ Kí Ẹ̀rọ Dúró?



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìjàǹbá ẹ̀rọ rí. Kì í ṣe ọjọ́ tí ó pa ènìyàn ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti lè máa dàgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú bẹ́rìn tí gírísì rẹ̀ ti gbẹ, nínú bíréèkì tí kò fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ dáadáa, tàbí nínú bẹ́líìtì tí ń yọ̀ lórí ohun tí ó ń yí. Ní gbogbo àkókò náà, ó ń fi àmì kan hàn, àmì náà sì ni ooru. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀nà tí a lè gbà rí ooru náà kí ó tó di iná, àti ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ béèrè nígbà tí a bá ti rí i. Apá kejì yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ẹ̀rọ ti wà tí ń rí ooru. Ohun tí kò tíì wà ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láti ṣe ohun kan nípa ohun tí ẹ̀rọ náà rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Williamsville ṣe àpẹẹrẹ, àdúgbò kan ní Adjamé nínú ìlú Abidjan. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ gbaka, ọkọ̀ akérò tí ń ná Adjamé sí Abobo láti ìdájí títí di alẹ́. Bí ó ti ń já èrò ni ó ń gbé èrò. Kò tíì sáré dé ibì kan tí awakọ̀ yóò tún fi tẹ bíréèkì. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn tí ń jó irin pọ̀, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gé irin, àti àwọn ìyá wa tí ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti àgbàdo fún gbogbo àdúgbò. Ọmọ Yorùbá kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú náà. Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń lọ ṣòwò àti ṣiṣẹ́ ní Abidjan, tó bẹ́ẹ̀ tí èdè Faransé fi di ohun tí a ń gbọ́ ní Èjìgbò fúnra rẹ̀. Yálà Bàùlé ni òṣìṣẹ́ tàbí Jùlá, yálà Mossi ni tàbí Yorùbá, ohun kan pa gbogbo wọn pọ̀: lójoojúmọ́ ni irin ń fi ara ra irin níwájú wọn, tí ooru sì ń jáde.

OHUN TÍ OORU ÌFARARA JẸ́

Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra ọwọ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́, àtẹ́lẹwọ́ yín yóò móoru. Kò sí iná níbẹ̀. Agbára apá yín ni ó yí padà di ooru. Irú ooru yìí, tí ń wá nígbà tí ohun kan bá ń fi ara ra òmíràn, ni a ó máa pè ní ooru ìfarara nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1798 ni Benjamin Thompson, ẹni tí a tún mọ̀ sí Count Rumford, ṣe àlàyé ohun tí ó rí ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ìbọn àgbá ní ìlú Munich ní Jámánì. Bí wọ́n ti ń fi irin gbẹ́ inú ìbọn náà, ooru ń jáde láìdáwọ́ dúró. Ó fi omi yí i ká, omi náà sì hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ó wá yé e pé níwọ̀n ìgbà tí irin bá ṣì ń fi ara ra irin, ooru kò ní tán. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ: ooru ìfarara kì í rẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti pọ̀ tó. Ká ní gbaka kan, òun àti èrò inú rẹ̀, wọn tọ́ọ̀nù 4, tí ó sì ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì títí ọkọ̀ náà fi dúró, ooru tí ó jáde nínú ìdúró kan ṣoṣo yẹn tó láti sọ omi tútù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 2 di omi híhó. Ẹ wá ronú lórí iye ìgbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dúró láàárín Adjamé àti Abobo. Bíréèkì tí ó wà ní ipò tí ó dára a máa tú ooru náà sínú afẹ́fẹ́ kí ìdúró mìíràn tó dé. Èyí tí kò bá dára, tí ó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú nígbà tí awakọ̀ kò tẹ̀ ẹ́, yóò máa kó ooru jọ ni, ìdúró lé ìdúró.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Òróró bíréèkì a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí ó ti ń pẹ́ nínú ọkọ̀. Òróró tí a kọ DOT 3 sí lára, nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 205 dígírì Celsius. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ti fa omi mọ́ra dé ìwọ̀n tí a fi ń dán an wò, 140 dígírì péré ni a ń retí kí ó lè fara dà. Bí ó bá hó, oruku inú rẹ̀ kò ní agbára láti ti bíréèkì: awakọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wọlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ìròyìn tí a máa ń gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé bíréèkì já. Kì í ṣe gbogbo bíréèkì tí a ní ó já ni ó já lóòótọ́. Òmíràn hó ni. Èyí tí ó sì hó ti kọ́kọ́ gbóná, ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò fi wò ó ìbá ti rí i.

BÍ ÒṢÌṢẸ́ ṢE Ń WO OORU LÁTIJỌ́

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọwọ́ ti jẹ́ òṣùwọ̀n òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1904 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Abidjan lọ sí òkè. Ó dé Bouaké ní 1912, ó sì wọ Ouagadougou ní 1954. Lórí irú ojú irin bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, iṣẹ́ àwọn kan ni láti máa rọ òróró sí ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ibùdó, kí wọ́n sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná jù. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Mẹkáníìkì Williamsville tí ó fi ọwọ́ kan ìdí táyà nígbà tí ọkọ̀ dé, tí ó gbọ́ òórùn tí ó sì mọ̀ pé bíréèkì ń jóná, ìmọ̀ kan náà ni ó jogún.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Irin tí ó bá ti gbóná tó 60 dígírì, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni ara ènìyàn lè fi fara dà á kí ó tó bó. Láti ibẹ̀ lọ sókè, gbogbo irin ni ó jọ ara wọn lójú ọwọ́. Èyí tí ó wà ní 80 dígírì, tí kò burú fún bíréèkì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́, àti èyí tí ó wà ní 250 dígírì, tí ó lè dá iná sílẹ̀ láìpẹ́, ohun kan náà ni ọwọ́ yóò sọ nípa wọn: "Ó gbóná." Ẹ̀wẹ̀, ọwọ́ kò lè súnmọ́ bẹ́líìtì tí ń yí láìfi ara wewu. Mélòó mélòó ni ìka tí a ti pàdánù nítorí pé ẹni tí ó ni ín fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ti gbóná!

KÁMẸ́RÀ TÍ Ń YA OORU

Ní ọdún 1800, William Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gíláàsì pín ìtànṣán oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀, ó sì fi òṣùwọ̀n ooru sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó gbé òṣùwọ̀n náà kọjá àwọ̀ pupa, sí ibi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́, ooru náà tún pọ̀ sí i. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ìtànṣán kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí. Infrared ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Gbogbo ohun tí ó wà láyé ni ó ń tan irú ìtànṣán yìí jáde: ara ènìyàn, ògiri, ìkòkò ọbẹ̀, bẹ́rìn. Bí ohun náà bá ti gbóná tó ni ìtànṣán rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ tí ó bá lè wọn ìtànṣán yìí yóò sọ ìwọ̀n ooru náà láìfi ara kan ohun tí ó gbóná.

Ẹ ti rí ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní 2020, a ń na ohun kan tí ó dà bí ìbọn kékeré sí wa níwájú orí kí a tó wọ ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé ìsìn. Ìlànà kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: èyí tí a ṣe fún ara ènìyàn kò wúlò fún ẹ̀rọ, nítorí pé kò lè ka ìgbóná tí ó ju ti ẹni tí ibà ń ṣe lọ púpọ̀. Oríṣi méjì ni ó yẹ fún ibi iṣẹ́. Èkíní ni ìbọn ìwọn-ooru ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, tí ń sọ iye kan ṣoṣo fún ibi tí a bá kọjú rẹ̀ sí. Èkejì ni kámẹ́rà ooru, tí ń ya àwòrán: gbogbo ibi tí ó gbóná yóò mọ́lẹ̀, ibi tí ó tutù yóò ṣókùnkùn, ojúàmì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà yóò sì ní iye tirẹ̀. Kámẹ́rà kékeré tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ ojúàmì 160 ní ìbú àti 120 ní òró ń wọn ibi 19,200 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò mọ ibi tí àléébù wà, kámẹ́rà yóò fi hàn án. Ẹni tí ó ti mọ ibi tí òun fẹ́ wò, ìbọn ti tó o.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ LÒ Ó

Ẹ̀rọ yìí a máa tan ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò jẹ, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí, kí ẹ sì kà á fún àwọn ọmọ iṣẹ́ yín.

Irin dídán a máa parọ́. Irin tí ó ń kọ mọ̀nà kì í tan ìtànṣán tirẹ̀ jáde dáadáa. Ti ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń dá padà bí dígí. Bí ẹ bá na ìbọn sí i, ó lè sọ pé ó tutù nígbà tí ó lè bó yín lọ́wọ́. Ẹ wá ibi tí ó ti dípẹtà, tàbí tí a kùn ní ọ̀dà, kí ẹ wọn ibẹ̀. Bí kò bá sí, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kò dán kùn ún níwọ̀nba, kí ẹ sì máa wọn ojú kan náà nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀dà tàbí ohunkóhun kan ojú tí bíréèkì ti ń di irin mú.

Ọ̀nà jíjìn a máa da iye rú. Àmì pupa tí ìbọn ń tàn kì í ṣe ibi tí ó ń wọn, ó kàn ń tọ́ka sí i ni. Ìbọn tí a kọ 12:1 sí lára, bí ẹ bá dúró ní 120 sẹ̀ǹtímítà, òbìrí tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 ni ó ń wọn, yóò sì po gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù. Ẹ súnmọ́ ọn tó bí ó bá ti wà láìléwu. Bákan náà ni ẹ kò gbọdọ̀ wọn nǹkan láti ẹ̀yìn dígí, nítorí pé dígí tí ojú wa ń rí ìmọ́lẹ̀ kọjá kì í jẹ́ kí ìtànṣán ooru kọjá.

Ìfiwéra ni ó ju iye lọ. Bí ọkọ̀ bá ti dé láti ìrìn-àjò, ẹ wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ sì fi í wé ẹsẹ̀ òsì tí ó bá a dọ́gba. Ẹ má fi iwájú wé ẹ̀yìn, nítorí pé bíréèkì iwájú ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì rẹ̀ lọ púpọ̀, ẹ tú u wò: ó lè jẹ́ bíréèkì ni ó ń dì í mú, ó sì lè jẹ́ bẹ́rìn ni gírísì rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá tutù nígbà tí èkejì rẹ̀ gbóná, ẹ má yọ̀. Ẹsẹ̀ tí ó tutù lè jẹ́ èyí tí bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ rárá, tí èyí tí ó gbóná sì ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣàyẹ̀wò a máa lo kámẹ́rà ooru lẹ́bàá ọ̀nà láti fi mọ ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tutù láàárín àwọn tí ó gbóná.

Ìlànà kan náà ni fún ẹ̀rọ ìlọta. Bẹ́rìn wà ní apá méjèèjì irin tí ń yí. Ẹ wọn méjèèjì láti ibi tí ọwọ́ kò ti lè kan bẹ́líìtì. Bí bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ bá gbóná ju bí ó ti máa ń rí lọ, ó ń yọ̀ ni, tàbí kò lọ gbọọrọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé: ọjọ́, wákàtí, bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ti gbóná tó, àti iye tí ẹ̀rọ kà. Iye kan ṣoṣo kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́rìn tí ó wà ní 45 dígírì lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, tí ó di 52 lọ́jọ́ Ajé, tí ó sì di 63 lọ́jọ́ Ẹtì, kò dákẹ́ rárá. Ó ń pariwo.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ EAST PALESTINE

Ẹnìkan lè rò pé bí a bá ti ra ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹ̀rọ ti wà, tí ó sì ṣiṣẹ́, síbẹ̀ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan ti ilé-iṣẹ́ Norfolk Southern yọ kúrò lójú irin ní East Palestine, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù 38 ni ó yọ, 11 nínú wọn sì ru kẹ́míkà eléwu. Iná sọ. Wọ́n kó àwọn ará ìlú kúrò nílé, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 6 oṣù náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tú kẹ́míkà inú tánkì márùn-ún jáde, wọ́n sì jó o, èéfín dúdú sì bo ojú ọ̀run.

Bẹ́rìn kan ni ó fa gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn ìtànṣán ooru wà lẹ́bàá ojú irin náà, wọ́n sì rí bẹ́rìn yìí. Ẹ̀rọ kan rí i pé ó fi 21 dígírì gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká lọ. Ẹ̀rọ tí ó tẹ̀ lé e rí 57. Ìlànà tí ilé-iṣẹ́ náà fi lélẹ̀ nígbà náà ni pé kí ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bíi 94 dígírì kí a tó dá ọkọ̀ dúró fún àyẹ̀wò. Nítorí náà ọkọ̀ ń lọ. Nǹkan bíi 30 kìlómítà ni ó rìn kí ó tó kan ẹ̀rọ mìíràn. Èyí ni ó rí 141, tí ó sì kígbe sí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Wọ́n ń fa bíréèkì lọ́wọ́ ni ọkọ̀ yọ. NTSB, àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, sọ nínú àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ ní 2024 pé iye tí ẹ̀rọ ẹ̀bá ọ̀nà kà kò fi hàn bí inú bẹ́rìn náà ti gbóná tó ní tòótọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà ni alága àjọ náà ti sọ pé kò sí ẹ̀rí pé àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ṣe ohun tí kò tọ́.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní, ìta ni ẹ̀rọ ń rí, kì í rí inú. Bí ìta bá gbóná, inú gbóná jù ú lọ. Ẹni tí ó bá ní òun ní kámẹ́rà kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ di etí sí ìró bẹ́rìn tàbí di imú sí òórùn bíréèkì. Èkejì, láàárín 21 àti 57 ni ọ̀rọ̀ ti hàn, kì í ṣe ní 141. Bí iye ṣe ń gòkè ni ó yẹ kí a wò. Ẹ̀kẹta ni ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jù lọ: ìlà tí a fà pé ìgbà tí ooru bá kọjá rẹ̀ ni kí ọkọ̀ dúró, ilé-iṣẹ́ ni ó fà á. Ìdádúró ọkọ̀ jẹ́ owó lójú rẹ̀. Àwọn tí ń wakọ̀ náà, tí ara wọn wà nínú ewu, kò gbọ́ 57. Nígbà tí wọ́n gbọ́, ó ti bọ́ sórí.

Ìtàn yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1979, ọkọ̀ ojú irin mìíràn yọ ní Mississauga ní Kánádà nítorí pé òróró tán ní ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, tí ó sì gbóná títí ó fi já. Ó lé ní 200,000 ènìyàn tí wọ́n kó kúrò nílé nítorí gáàsì kòlórínì tí ó ru. Orí ni ó kó wọn yọ tí ẹnikẹ́ni kò fi kú. Ó lé ní ọdún 43 tí ó wà láàárín ìjàǹbá méjèèjì. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru ti dára sí i ní àkókò náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń pàṣẹ kò yí padà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A BÉÈRÈ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Williamsville. Awakọ̀ gbaka kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ní alẹ́, ó gbọ́dọ̀ kó iye owó kan fún olówó ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní recette. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni tirẹ̀ àti ti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ wá fi ìbọn ìwọn-ooru lé mẹkáníìkì kan lọ́wọ́ ní aago méjì ọ̀sán, kí ó sì sọ fún awakọ̀ náà pé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú fi 80 dígírì gbóná ju ti òsì lọ. Kí ni awakọ̀ yóò ṣe? Bí ó bá dúró, recette kò ní pé, ọmọ rẹ̀ lè má jẹun. Bí ó bá lọ, èrò tí ó gbé wà nínú ewu. Kò sí kámẹ́rà tí ó lè bá a yanjú ìyẹn. Àdéhùn láàárín òun àti olówó ọkọ̀ ni ó lè yanjú rẹ̀, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í sì í wá láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo.

Òfin kò fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìwé Àdéhùn 155 ti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ILO, tí a ṣe ní 1981, sọ nínú abala kẹtàlá rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá yẹra kúrò níbi iṣẹ́ nítorí pé ó ní ìdí tí ó tọ́ láti gbà pé ewu ńlá tí ó súnmọ́lé wà fún ẹ̀mí tàbí ìlera rẹ̀, a gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó kí wọ́n má baà fi ìyà tí kò tọ́ jẹ ẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1994, Côte d'Ivoire sì fọwọ́ sí i ní 2016. Ní 2022, ìpàdé àpapọ̀ ILO sọ ibi iṣẹ́ aláìléwu di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Òfin iṣẹ́ Côte d'Ivoire ti 2015 sì pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju 50 lọ gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ ààbò àti ìlera. Ìwé tí a kọ́ ìdí tí a lè fi dúró sí ni ìwọ̀nyí. Iye tí a kọ sílẹ̀ láti ojú kámẹ́rà sì ni ẹ̀rí pé ìdí náà tọ́.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí ó gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí ka iwájú agbanisíṣẹ́ nígbà ìpàdé tí ó bá kàn.

Kí ilé-iṣẹ́ ra ohun èlò ìwọn-ooru, kí ó sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ni a ó kọ́ ní lílò rẹ̀, ní èdè tí ó yé e, kì í ṣe ọ̀gá ọ́fíìsì nìkan.

Kí ìwé tí a ń kọ iye sí wà ní ojútáyé, kí aṣojú òṣìṣẹ́ sì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí a jọ jókòó fa ìlà tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró bí ooru bá kọjá rẹ̀, kí a tẹ̀ lé ohun tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kọ, kí a sì fi bí ooru ṣe ń gòkè kún un.

Kí òṣìṣẹ́ tí ó dá ẹ̀rọ dúró nítorí iye yẹn má ṣe pàdánù owó ọjọ́ rẹ̀. Fún awakọ̀, kí recette ọjọ́ tí ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì má ṣe wà lọ́rùn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ìwé ooru náà láti fi wá ẹni tí yóò jẹ ẹ̀bi. A ń wọn ẹ̀rọ, a kì í wọn òṣìṣẹ́.

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń dá ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, tí òfin àádọ́ta òṣìṣẹ́ kò kàn: a mọ̀ pé ẹ ó ní níbo ni owó kámẹ́rà yóò ti wá. Ìdáhùn wa ni pé kò di dandan kí ẹnìkan dá a rà. Ìbọn ìwọn-ooru kan lè sin gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí ó wà lójú òpópónà kan, bí ẹ bá dá a jọ bí ẹ ti ń dá èésú. Kámẹ́rà kan lè wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí ó máa yípo láti ibùdókọ̀ kan sí òmíràn. Ohun tí ó nira kì í ṣe ríra rẹ̀. Ohun tí ó nira ni kí gbogbo mẹkáníìkì òpópónà náà fohùn ṣọ̀kan pé ọkọ̀ tí ooru rẹ̀ bá kọjá ìlà, kò sí ẹni tí yóò sọ fún olówó rẹ̀ pé, "Máa lọ, kò ní ṣe nǹkan." Bí ẹnìkan bá kọ̀ tí èkejì gbà, iṣẹ́ ẹni tí ó kọ̀ ni yóò bàjẹ́. Bí gbogbo wọn bá kọ̀, bíréèkì ni wọn yóò tún ṣe.

Ẹ̀yin ará wa, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìmọ̀ ti fún wa ní ojú kejì, tí ń rí ohun tí ojú àkọ́kọ́ kò lè rí. Ṣùgbọ́n ojú kò lè dá ẹ̀rọ dúró. Ọwọ́ ni ó ń dá a dúró, ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kò sì tó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ wọn ooru, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì dúró ti ẹni tí ó bá sọ pé kí ẹ̀rọ dúró.

Kí ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ máa gbilẹ̀ o.